Gbèsè Atẹ́gùn

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀rìn, lọ́jọ́ Ẹtì,
mo tẹ búréèkì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò dì.
Mo tún un tẹ̀.
Kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára ń jó lẹ́yìn mi,
ọkọ̀ gẹdú kan dábùú ọ̀nà níwájú.
Jíà kékeré àti ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀
ni mo fi rí Iléṣà padà.
Bàtà mi ọ̀tún ò ní gìgísẹ̀ mọ́.

Fáyẹmíwò mẹkáníìkì ò kí mi kú ewu.
Ó ṣí ìdérí ìkòkò kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún,
ó ní kí n wò ó:
ó dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
"Ọdún mélòó?"
Márùn-ún.
"Ọdún márùn-ún ló ti ń mu omi,
kò fẹnu kan ife, kò yà sódò,
inú afẹ́fẹ́ ló ti ń bù ú mu díẹ̀díẹ̀.
O sọ̀kalẹ̀ òkè, ara rẹ̀ gbóná, omi náà hó, ó di èéfín.
Ta ní í fi èéfín dá ẹṣin dúró?"

Ìgò tí Ṣíyanbọ́lá alápáàtì nà sí mi,
márùn-ún ni wọ́n kọ sí i.
Mo ní mẹ́rin ló wà lára ìdérí tèmi.
Ó rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé,
ṣé márùn-ún ò ju mẹ́rin lọ ni?"
Nínú owó, ó jù ú lọ.
Nínú páìpù yìí, wọn ò bára wọn tan.
Ó wá gbé mẹ́rin kan jáde, tó ti ṣí, tó ku ìlàjì:
"Ẹ gba èyí ní ẹ̀dínwó."
Mo ti gbé abẹ́rẹ́ kiri abúlé fún ọdún mọ́kànlá,
mo mọ ohun tí ìgò ṣíṣí ń jẹ́.
Bí wákàtí mẹ́fà bá ti pé, dídànù ni,
kódà bó ṣẹ́ ku ti ọmọ mẹ́rin nínú rẹ̀.
Èyí tí èdìdì rẹ̀ ò tíì já ni mo rà.

"Ẹ má dà á sí tọwọ́ òsì o!"
Tọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì. Òróró mínírà ni tiẹ̀,
aláwọ̀ aró. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé,
ọ̀kan ò gbọdọ̀ tọ́ oúnjẹ èkejì wò,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ á wú
bí ètè ẹni tí oyin ta.

Mo fi síríǹjì fa ògbólógbòó jáde,
síríǹjì tí kò ní kan apá ọmọ kankan mọ́.
Mo fi aṣọ tútù bo táǹkì. Ẹ̀kán kan ṣoṣo
ti bó ọ̀dà pupa rẹ̀ rí.

Mo lóṣòó.
Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nílùú onílùú,
ó ní òun ò ní nàró àfi bí owó aṣọ bá pé.
Èmi ń sin tèmi lọ́wọ́ atẹ́gùn.
Adérọ́pò ọmọṣẹ́ wà lókè:
tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, dì í mú.
Mo tú nọ́ọ̀tù díẹ̀. Ìfófòó gba inú rọ́bà kọjá,
òmíràn tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé.
Mo dè é. Ó yá, jọ̀wọ́ rẹ̀.
Nígbà kan ọmọ náà jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n tó dè é,
gbogbo ohun tí mo ti gbà tún padà sọ́wọ́ onígbèsè.
A bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Nígbà tó yá, ó ń jáde láìní ìfófòó,
ó mọ́ bí ìtọ̀ ọmọ tuntun.
Fáyẹmíwò fi ìka méjì tẹ búréèkì. Ó le bí òkúta.
Kò ní ó dára. Ó ní,
"Má da ògbólógbòó yẹn sí gọ́tà. Gbé e wá."

Mo kọ ọjọ́ náà sára téèpù funfun,
bí mo ṣe ń kọ ọ́ sára ìgò abẹ́rẹ́,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.
Lọ́la, ọmọ méjìdínlógún ń retí mi l'Ẹ́rìn.
Òkè náà ò kúrò níbẹ̀.